Bí a ṣe ń wá ejò àti àkèré wò ní àrọ̀kúrò, ní agbègbè Ṣábẹ̀ẹ́ àti Kétu ní orílẹ̀-èdè Benin

Ẹni tó bá fẹ́ rí ejò, kó yé wá ejò. Oúnjẹ ejò ni kó máa wá. Níbi tí àkèré bá ti ń ké lálẹ́, níbi tí eku bá ti ń họ ìdí àká, níbi tí alángbá ń wọ̀ sí nígbà tí oòrùn bá rọlẹ̀, ibẹ̀ ni ejò ti ń jẹun, ibẹ̀ náà lẹ ó ti bá a. Púpọ̀ nínú àwọn tó kọ́kọ́ ń bá wa jáde a máa sáré wọ igbó dídí, wọn a máa fi igi lu ewé kiri, ẹ̀fọn nìkan ni wọ́n sì máa ń bá pàdé.

Wíwò ni mò ń sọ o. Kì í ṣe pípa, kì í sì í ṣe mímú. Ẹni tó ń wá ejò fún ọbẹ̀ tàbí fún títà, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tirẹ̀.

Àwọn ọ̀dọ́ tó ń wo fídíò àwọn ará Yúróòpù àti Amẹ́ríkà máa ń béèrè sálámáńdà lọ́wọ́ mi, ẹranko tó jọ alángbá àmọ́ tó jẹ́ ẹbí àkèré, tí awọ rẹ̀ kò ní ìpẹ́. Lọ́hùn-ún, ní ìgbà ìwọ́wé, àwọn èèyàn máa ń jáde nínú òjò alẹ́ lọ wá a lábẹ́ òkúta àti lábẹ́ igi tó ti jẹrà. Kò sí i lọ́dọ̀ wa. Ní gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà, apá òkè pátápátá nìkan, ní Mòrókò, Àlùjẹ́ríà àti Tùnísíà, ló ti ń gbé. Láti aṣálẹ̀ Sahara wá sí ìsàlẹ̀, kò sí ẹyọ kan. Bí ẹnì kan bá nawọ́ sí nǹkan lára ògiri tó ní sálámáńdà nìyẹn, ẹ wò ó bó ní ìpẹ́ àti èékánná. Bó bá ní in, ọmọnílé ni. Àkèré, ọ̀pọ̀lọ́ àti kọ̀ǹkọ̀ ló wà nípò rẹ̀ níhìn-ín, àwọn gan-an ló sì máa mú wa dé ọ̀dọ̀ ejò.

Ẹ yan ọjọ́

Àwa náà ní àsìkò tiwa. Ní Kétu, òjò máa ń dáwọ́ dúró díẹ̀ ní oṣù kẹjọ, á tún bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án, á sì rọ̀ títí di oṣù kẹwàá tàbí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kọkànlá. Àrọ̀kúrò nìyẹn. Ní Ṣábẹ̀ẹ́ tó túbọ̀ wà lápá òkè, òjò méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ so pọ̀, ṣùgbọ́n oṣù kẹwàá náà ló máa ń kásẹ̀ nílẹ̀. Àsìkò tó dára jù nìyí. Omi ṣì wà nínú kòtò, àkèré ò tíì fọ́nká. Wọ́n ti ń kó iṣu, ẹ̀pà àti àgbàdo wálé, eku sì ń tẹ̀ lé ẹrù. Bí ọyẹ́ bá dé lóṣù kejìlá, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í finá sí pápá, púpọ̀ nínú àwọn ẹranko yìí á ti wọlẹ̀.

Nínú àsìkò náà, ẹ dúró de ọjọ́ tí òjò bá rọ̀ lọ́sàn-án lẹ́yìn tí oòrùn ti ràn fún ọjọ́ bíi mélòó kan. Alẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an ni kí ẹ jáde. Oòrùn máa ń wọ̀ ní nǹkan bí aago 6 àbọ̀. Láti aago 7 títí di aago 10 ni mo fẹ́ràn jù. Èmi kì í sábà jáde lálẹ́ tí òṣùpá bá mọ́lẹ̀ rokoṣo, nítorí irú alẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í so èso fún wa.

Ẹ gba àyè

Kò sí ilẹ̀ tí kò lẹ́ni tó ni ín. Ẹ kọ́kọ́ lọ kí baálẹ̀ abúlé, lẹ́yìn náà olóko. Ẹ kí i bí a ṣe ń kí àgbẹ̀, "Àroko bọ́dún dé o, bàbá," kí ẹ tó là á yé e pé ẹ fẹ́ wo ẹranko, ẹ ò ní pa á, ẹ ò ní fọwọ́ kan iṣu ẹnikẹ́ni. Ẹ sọ wákàtí tí ẹ ó wá, nítorí tọ́ọ̀ṣì tó ń rìn nínú oko lóru, ohun tí olóko ń rò kọ́ ni ejò.

Ẹ béèrè igbó orò àti igbó òrìṣà pẹ̀lú. Bí wọ́n bá ní ẹ má wọ ibì kan, ẹ má wọ̀ ọ́, ẹ má sì béèrè ìdí rẹ̀. Bí obìnrin bá wà láàárín yín, ẹ rí i dájú pé ọjọ́ náà kì í ṣe ọjọ́ orò.

Àwọn igbó ìjọba bíi igbó Dogo ní ẹ̀bá Kétu àti igbó Ouémé-Boukou ní agbègbè Ṣábẹ̀ẹ́, àṣẹ àwọn Eaux et Forêts, ìyẹn àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó igbó, lẹ nílò kí ẹ tó wọ̀ ọ́. Òfin ẹranko igbó wà ní orílẹ̀-èdè Benin láti ọdún 2004, ẹni tí wọ́n bá bá ejò nínú àpò rẹ̀ kò ní rí àlàyé ṣe. Ìdí mìíràn rèé tí kò fi yẹ kí ẹ mú ohunkóhun.

Ọdẹ ni olùkọ́ tó dára jù, àmọ́ ẹ mọ bí ẹ ó ṣe bi í. Bí ẹ bá ní, "Bàbá, ibo ni ejò wà?" ìtàn èyí tó pa lọ́dún mẹ́wàá sẹ́yìn ni yóò sọ fún yín. Ẹ bi í pé: "Bàbá, ibo lẹ ti ń gbọ́ ohùn àkèré jù lálẹ́? Ọ̀gán wo ni òkété ń gbé?" Ẹ ó rí i pé á dìde, á sì mú yín lọ.

Ohun tí ẹ ó mú dání

Bàtà rọ́bà gígùn tó dé ìsàlẹ̀ orúnkún, ṣòkòtò tó nípọn tí kò fún. Sálúbàtà ò bójú mu rárá. Tọ́ọ̀ṣì orí, irú èyí tí àwọn ọdẹ ń so, àti òmíràn lọ́wọ́ pẹ̀lú bátìrì tuntun. Awò ojú, kódà bí ojú yín bá dá ṣáká, nítorí sèbé tó ń tutọ́ síni lójú. Ọ̀pá kan tó ga tó àyà, tí orí rẹ̀ tẹ̀ bí ìkọ́. Omi mímu, àti omi mìíràn tó pọ̀ tí ẹ lè fi fọ ojú. Fóònù tí iná rẹ̀ kún, àti ọ̀kadà kan tí awakọ̀ rẹ̀ mọ̀ pé òun lè gbọ́ ìpè yín lóru.

Kí ẹ tó kúrò nílé, ẹ pe àwọn ilé ìwòsàn tó wà nítòsí, kí ẹ bi wọ́n bóyá abẹ́rẹ́ tó ń pa oró ejò wà lọ́wọ́ wọn *lónìí*. Ẹ má gbà pé ó máa wà. Ọ̀kan nínú àwọn abẹ́rẹ́ tí wọ́n ti ń lò jù ní ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà, FAV-Afrique, wọ́n ti dáwọ́ ṣíṣe rẹ̀ dúró láti ọdún 2014, kì í sì í ṣe ibi gbogbo ló ti ń rí àwọn tó rọ́pò rẹ̀ rà.

Ẹni mẹ́ta ló dára kí ẹ jẹ́. Ẹni iwájú ń wo ilẹ̀, ẹni àárín ń wo ẹ̀ka igi, ẹni ẹ̀yìn ń ṣọ́ ọ̀nà tí ẹ ó gbà padà. Ẹni tó bá ti mu ọtí, kó dúró sílé.

Ọ̀sán: ẹ kọ́kọ́ ka ilẹ̀

Ibi tí ẹ bá fẹ́ lọ lálẹ́, ẹ rìn ín lọ́sàn-án tàbí láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ohun tí ẹ ń wá kì í ṣe ejò, ipasẹ̀ rẹ̀ ni.

Ẹ wo iyanrìn ojú ọ̀nà. Ejò tẹ́ẹ́rẹ́ máa ń fi ipa tó lọ́ síhìn-ín sọ́hùn-ún sílẹ̀. Ejò tó sanra, bí erè àti paramọ́lẹ̀, a máa wọ́ lọ gbọọrọ láìlọ́, ipa rẹ̀ á sì tọ́. Ẹ wo awọ tí ejò bọ́ sílẹ̀: lódindi ló máa ń bọ́ ọ, tojú tojú, nígbà tí awọ alángbá máa ń ré ní wẹ́wẹ́. Bí awọ náà bá ṣì rọ̀, tó lọ́rinrin, ẹni tó ni ín kò tíì jìnnà. Awọ a máa nà nígbà tó bá ń bọ́, nítorí náà ejò gan-an kúrú ju ohun tí ẹ dì mú lọ. Ẹ má wulẹ̀ pariwo erè lé e lórí.

Ẹ tẹ́tí sí ẹyẹ. Bí àwọn ẹyẹ kéékèèké bá kóra jọ sórí igi kan tí wọ́n ń bú nǹkan láìdákẹ́, ẹ dúró lókèèrè kí ẹ wo ibi tí wọ́n kọjú sí. Mo gbẹ́kẹ̀ lé ẹyẹ ju ojú ara mi lọ nínú iṣẹ́ yìí.

Ní Ṣábẹ̀ẹ́, àwọn òkè olókùúta tó yí ìlú ká ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí. Ìsàlẹ̀ òkè, níbi tí àpáta ti pàdé koríko, ló dára jù. Omi òjò máa ń dúró nínú kòtò ojú àpáta, àkèré á wá yé sí i. Alángbá á wọ inú pàlàpálá àpáta lọ sùn. Òkúta pẹlẹbẹ tó ti ṣí kúrò lára àpáta ńlá, ẹ má fọ́ ọ, ẹ má sì fi irin ṣí i. Ọdún tí irú rẹ̀ fi ń ṣí kúrò lára àpáta pọ̀ púpọ̀, ìṣẹ́jú kan sì ni ọmọ aráyé fi ń bà á jẹ́. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì wọ inú rẹ̀, ó tó.

Lẹ́bàá Kétu, níbi tí ilẹ̀ ti tẹ́jú, ọ̀gán ló rọ́pò àpáta. Inú ihò ọ̀gán àti ihò eku ni erè kékeré tó ń jẹ́ Python regius máa ń lo ọ̀sán rẹ̀. Oko ẹ̀pà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wú, ìdí àká, ìdí ọ̀pẹ tí imọ̀ gbígbẹ kún, ẹ̀bá odò kékeré tó ṣì ní omi: ẹ fi wọ́n sọ́kàn.

Bí ẹ bá fẹ́ ṣí igi tó ti jẹrà tàbí òkúta tó wà lórí ilẹ̀, ọ̀nà kan ṣoṣo ló wà. Ẹ dúró sẹ́yìn rẹ̀. Ẹ fi ìkọ́ ọ̀pá kọ́ etí rẹ̀ tó jìnnà sí yín, kí ẹ fà á sókè sí ọ̀dọ̀ ara yín, kí ẹnu àlàfo rẹ̀ kọjú sí iwájú, kí igi náà fúnra rẹ̀ sì di asà láàárín yín àti ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ọwọ́ kò gbọdọ̀ wọ abẹ́ rẹ̀, kódà ìka kan. Lẹ́yìn tí ẹ bá wò ó tán, ẹ dá a padà jẹ́jẹ́ bó ṣe wà gẹ́lẹ́. Bí ọ̀pọ̀lọ́ bá wà níbẹ̀, ẹ jẹ́ kó kúrò kí ẹ tó gbé igi náà kalẹ̀, á tún wọlé fúnra rẹ̀.

Òru

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi omi. Kí ẹ tó dé ibẹ̀, ẹ pa tọ́ọ̀ṣì kí ẹ dúró, kí ẹ gbọ́ ohùn. Bí ariwo bá dá lójijì ní apá kan nígbà tí apá kejì ṣì ń ké, nǹkan kan ń kọjá níbẹ̀.

Bí ẹ bá tan iná, ẹ gbé tọ́ọ̀ṣì sí ẹ̀gbẹ́ ojú kí ẹ rọra yí i ká. Ojú àkèré àti ti aláǹtakùn á dá yín lóhùn, wọ́n á máa tàn yẹ́ríyẹ́rí. Ojú ejò kì í sábà tàn bẹ́ẹ̀, nítorí náà ẹ má wá ojú rẹ̀. Bí ara rẹ̀ ṣe ń dán, àti ìlà gígùn tó dábùú ewé, ni kí ẹ máa wá. Ẹ rìn díẹ̀díẹ̀ débi pé ẹni tó ń wò yín á rò pé nǹkan sọnù lọ́wọ́ yín.

Ẹ tún gbójú sókè. Ọ̀gà máa ń sùn sórí ẹ̀ka tẹ́ẹ́rẹ́ lálẹ́, àwọ̀ rẹ̀ á sì ṣá, tó fi jẹ́ pé ìmọ́lẹ̀ tọ́ọ̀ṣì á mú un láti ọ̀nà jíjìn. Ọ̀sán ni ọ̀gà ń sá pamọ́ fún yín, òru ni ẹ ń bá a láìwá a. Fún ẹni tó mú ọmọ dání, kò sí ohun tó dára jù ú lọ láti fi bẹ̀rẹ̀.

Nínú àwọn àkèré ibi omi, ọ̀kan wà tó yẹ kí ẹ mọ̀: Phrynomantis microps, dúdú tó ní ẹ̀yìn pupa. Ó máa ń bá àwọn èèrà ńlá dúdú gbé inú ilé wọn, wọn kì í sì í ta á, nítorí ohun kan wà lára awọ rẹ̀ tó ń tù wọ́n. Oró wà nínú awọ kan náà, ẹ má fọwọ́ kàn án.

Àwọn àgbà ní àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ọmọ ejò níyà; bí ọká bá ṣíwájú, tí paramọ́lẹ̀ tẹ̀ lé e, tí òjòlá ń wọ́ ruru bọ̀ lẹ́yìn, ta ni yóò dúró? Bẹ́ẹ̀ ló rí nínú igbó. Ẹyọ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń rìn. Bí ẹ bá rí ejò kan ṣoṣo lóru kan, ẹ ti ṣe dáadáa. Bí ẹ ò bá sì rí kankan, tí ẹ rí ọ̀gà àti àkèré oríṣiríṣi, ẹ ò jáde lásán.

Ọ̀nà ọ̀dà tó gba Ṣábẹ̀ẹ́ kọjá lọ sí Parakou máa ń gbóná lálẹ́, ejò sì máa ń nà sí i lórí. Ẹ fi í sílẹ̀. Ọkọ̀ akẹ́rù tó ń kọjá níbẹ̀ léwu ju ejò èyíkéyìí lọ. Ọ̀nà ilẹ̀ pupa tó lọ sí apá Kaboua dára jù ú lọ.

Ta ni mo rí yìí?

Ẹ má fi ìrísí orí mọ ejò olóró. Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé olórí gbàgìgbàgì nìkan ló lóró. Orí sèbé tẹ́ẹ́rẹ́, orí erè tí kò lóró sì fẹ̀. Nítorí náà gbogbo ejò ni kí ẹ fún láàyè, ìlọ́po méjì gígùn rẹ̀ ó kéré tán. Fún sèbé, ẹ jìnnà ju ìyẹn lọ.

Èyí tó yẹ kí ẹ bẹ̀rù jù ní agbègbè Ṣábẹ̀ẹ́ kì í ṣe ńlá. Echis ocellatus ni, ejò kékeré tí kì í sábà tó 60 sẹ̀ǹtímítà, aláwọ̀ ilẹ̀ tó ní àmì funfun lẹ́yìn. Bí inú bá bí i, á ká ara rẹ̀ po, á máa fi ìpẹ́ ha ìpẹ́, ohùn rẹ̀ á sì máa ta ṣíṣíṣí bí epo gbígbóná tí wọ́n ju àkàrà sí. Oró rẹ̀ ni kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Ejò mìíràn wà tó ń jẹ ẹyin ẹyẹ, Dasypeltis, tí kò lóró rárá, tó sì ń ṣe gbogbo ìṣe yìí bákan náà. Ẹ má gbìyànjú àtimọ èwo ni èwo. Bí ẹ bá ti gbọ́ ohùn yẹn, ẹ fà sẹ́yìn.

Paramọ́lẹ̀ sanra, ó kúrú, kì í sì í sá. Ìyẹn ni wàhálà rẹ̀: á dùbúlẹ̀ sójú ọ̀nà títí ẹsẹ̀ á fi tẹ̀ ẹ́. Mọ̀lẹ́bí rẹ̀ kékeré, Causus maculatus, ni ẹ ó máa bá pàdé lẹ́bàá omi, nítorí ọ̀pọ̀lọ́ ni oúnjẹ rẹ̀.

Sèbé tó ń tutọ́, Naja nigricollis, máa ń wá ojú èèyàn, itọ́ rẹ̀ sì lè dé ibi tó jìnnà ju ìwọ̀n ọ̀pá yín lọ. Awò ojú yín kò gbọdọ̀ kúrò. Bí itọ́ náà bá wọ ojú, ẹ fi omi púpọ̀ fọ̀ ọ́ fún ìṣẹ́jú bíi 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ má fi ohunkóhun mìíràn sí i, kí ẹ sì lọ rí dókítà.

Ejò aláwọ̀ ewé lórí igi: ọ̀pọ̀ nínú wọn kò lóró, àmọ́ máńbà tó lóró gan-an náà aláwọ̀ ewé ni. Ẹ wò ó láti ìsàlẹ̀, ó parí.

Ejò dúdú kékeré kan tún wà tó máa ń jáde láti inú ilẹ̀ lẹ́yìn òjò, Atractaspis. Ehín rẹ̀ máa ń yọ sí ẹ̀gbẹ́ láìjẹ́ pé ó la ẹnu, nítorí náà kò sí ibi tí èèyàn lè dì í mú lọ́rùn tí kò ní gún un. Àwọn tó ń fi ọgbọ́n ọwọ́ mú ejò ló máa ń bù jẹ.

Python regius ní tirẹ̀ kì í jà. Á ká jọ roboto, á fi orí pamọ́ sáàárín. Òun ni wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún nílé òrìṣà Dàn ní Ouidah, òun kan náà sì ni wọ́n ń kó láti inú ihò fún títà sókè òkun. Gbogbo ìran erè wà lábẹ́ CITES, àdéhùn àgbáyé lórí òwò ẹranko àti ewéko igbó, ìyẹn ni pé kò sí ẹni tó lè gbé e kọjá ẹnu ibodè láìní ìwé.

Bí ẹ bá fẹ́ ya fọ́tò, ẹ yà á láti ibi tí ẹ dúró sí, kí ẹ fi ẹ̀rọ fa àwòrán náà mọ́ra. Kò sí ìdí láti fi igi tọ́ ọ kó lè gbé orí sókè. Òkú ejò náà, ẹ má fọwọ́ kàn án. Orí tí wọ́n ti gé sì tún lè bu èèyàn jẹ.

Bí ejò bá bu ẹnì kan jẹ

Ẹ kúrò níbẹ̀. Ẹ má lépa ejò náà. Ẹ mú ẹni náà jókòó, kó má rìn, kó má sáré. Ẹ bọ́ òrùka, ìlẹ̀kẹ̀, aago ọwọ́ àti bàtà kí ara tó wú. Ẹ so igi pẹlẹbẹ mọ́ ẹsẹ̀ tàbí apá náà kó má baà mì, ẹ má so ó le. Ẹ pe ọ̀kadà, kí ẹnì kan jókòó sẹ́yìn láti di aláìsàn mú, kí ẹ sì kọ wákàtí tó ṣẹlẹ̀ sílẹ̀.

Ohun tí ẹ kò gbọdọ̀ ṣe pọ̀ ju ìyẹn lọ. Ẹ má fi okùn di ẹsẹ̀ rẹ̀ pinpin. Ẹ má fi abẹ sín in. Ẹ má fi ẹnu fa oró. Òkúta dúdú tí wọ́n ń tà lọ́jà kì í fa oró kankan jáde. Ó lẹ̀ mọ́ ojú ọgbẹ́ lásán ni. Bí àgbà kan bá ní òun fẹ́ pọfọ̀, ẹ jẹ́ kó máa pè é lórí ọ̀kadà. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ọfọ̀, àkókò ni mi ò fẹ́ kó lọ.

Nílé ìwòsàn, àyẹ̀wò kan wà tí kò gba ẹ̀rọ: wọ́n á fa ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ sínú ìgò kékeré tó mọ́ tó sì gbẹ, wọ́n á gbé e kalẹ̀ fún ìṣẹ́jú 20 láìmì í. Bí kò bá dì, oró Echis tàbí irú rẹ̀ ti wọ ara, abẹ́rẹ́ ló kàn. Ẹ lè fi pẹ̀lẹ́ béèrè lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì bóyá wọ́n ti ṣe é. Ẹni tí ara rẹ̀ dà bíi pé ó yá, kó má tètè padà sílé. Kó sun ibẹ̀ mọ́jú.

Lẹ́yìn ìrìn

Ẹ kọ ohun tí ẹ rí sílẹ̀ kí ẹ tó sùn: ọjọ́, wákàtí, bóyá òjò rọ̀, irú ibi tó wà, ohun tó ń ṣe. Ìwé yẹn ni yóò sọ fún yín lọ́dún tó ń bọ̀ kòtò tí àkèré kọ́kọ́ máa ń kún. Bí ẹ bá ń fi àwòrán sórí iNaturalist, ìkànnì tí àwọn èèyàn ń kó àwòrán ẹranko àti ewéko sí, àwọn onímọ̀ káàkiri ayé á bá yín dárúkọ rẹ̀. Fún erè, ẹ yan ètò tó ń fi ibi gan-an pamọ́, nítorí àwọn tó ń ta ejò náà mọ bí wọ́n ṣe ń ka máàpù.

Ẹ fọ bàtà. Olú kan wà tí ojú ò lè rí, Batrachochytrium dendrobatidis, tó ń pa àkèré ní ọ̀pọ̀ ibi láyé nípa bíba awọ wọn jẹ́. Wọ́n ti rí i ní Nàìjíríà. Ṣùgbọ́n ìwádìí kan tó jáde ní 2013 kò rí i ní apá ìwọ̀ oòrùn àlàfo pápá gbígbẹ tó gba Benin àti Togo kọjá dé etí òkun. Ó ṣeé ṣe kí pápá yìí gan-an ló ń dí i lọ́nà, a ò sì gbọdọ̀ fi ẹsẹ̀ wa gbé e sọdá. Ẹni tó bá ti ìhà kejì odò Okpara wá, tàbí tó lọ wo ẹbí ní Ìmẹ̀kọ tó sì wọ omi níbẹ̀, kó ha ẹrẹ̀ kúrò lára bàtà àti ọ̀pá, kó po ago kan omi jàfẹ́ẹ̀lì, èyí tí wọ́n fi ń mú aṣọ funfun, mọ́ ago omi mẹ́sàn-án, kó rẹ wọ́n sí i fún ìṣẹ́jú bíi 10, kó dà á nù síbi tó jìnnà sí odò, kó sì sá bàtà náà sóòrùn títí á fi gbẹ pátápátá kó tó wọ̀ ọ́ lọ sí omi mìíràn.